Ìgò Méjì ní Ìgbà Òtútù

Bíbélì kíkà: Òwe 9:1–18, Jẹ́nẹ́sísì 25:29–34, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 8:14–24
Ẹsẹ àkọ́sórí: Jákọ́bù 1:17

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ìwé ìròyìn yìí ń bá yín ní Ìbàdàn, ní Èkó tàbí ní òkè òkun, mo mọ̀ pé ẹ kò tíì gbàgbé bí òtútù Jos ṣe ń rí ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kínní. Ọmọ Yorùbá tó bá kọ́kọ́ gun orí òkè yìí wá láti ilé, tí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì péré wà nínú báàgì rẹ̀, kò ní pẹ́ mọ̀ pé ẹni tí òtútù ń mú kì í wádìí ọwọ́ tó gbé ife gbígbóná fún òun. Yóò kọ́kọ́ mu ún ná. Orí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lónìí: ife tí a gbà nígbà tí òtútù ń mú wa, ẹni tó bù ú fún wa, àti irú ènìyàn tí ife náà ń sọ wá dà.

Ìtàn kan ni mo fẹ́ fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ó wà nínú ìwé C. S. Lewis tí ń jẹ́ The Lion, the Witch and the Wardrobe. Belfast ni wọ́n ti bí Lewis ní ọdún 1898. Olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ní Oxford, lẹ́yìn náà ní Cambridge. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò gbà pé Ọlọ́run wà. Ọdún 1931 ló tó gba Kristi gbọ́, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 32. Nígbà ogun àgbáyé kejì, òun ló ń sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ lórí rédíò BBC. Ọdún 1950 ni ìwé tí mo ń sọ yìí jáde, òun sì ni àkọ́kọ́ nínú ìwé méje tó kọ nípa ilẹ̀ Narnia. Àwọn ọmọdé ló kọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò kéré fún wa.

1. Ilẹ̀ tí Kérésìmesì kò dé

Ìtàn náà lọ báyìí. Nítorí bọ́ǹbù tó ń já lu London nígbà ogun, wọ́n kó ọmọ ìyá mẹ́rin kan lọ sí ilé bàbá àgbàlagbà kan ní ìgbèríko. Peter ni àkọ́bí, Susan tẹ̀lé e, Edmund ni ẹ̀kẹta, Lucy sì ni àbíkẹ́yìn. Lucy wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ńlá kan nínú ilé náà, ó sì gba ibẹ̀ bọ́ sí ilẹ̀ mìíràn tí ń jẹ́ Narnia. Ẹranko ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí ènìyàn. Òjò dídì bo gbogbo igbó, odò sì ti dì gbagidi. Obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní ayaba ló fi agbára òkùnkùn dá ìgbà òtútù dúró kí ó má lè kọjá. Kérésìmesì kò sì lè dé sí ilẹ̀ náà mọ́. Ẹni tó bá ta kò ó, ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ni yóò fi sọ ọ́ di òkúta.

Àjẹ́ Funfun ni Lewis pe obìnrin náà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ̀rọ̀ lórí orúkọ yìí, nítorí nílé wa, bí wọ́n bá ní àjẹ́ funfun, èyí tí wọ́n ní kì í pani, tó sì ń ṣe ará ilé rẹ̀ lóore, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní lọ́kàn. Àjẹ́ inú ìwé yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Funfun òjò dídì ni funfun tirẹ̀: ojú rẹ̀ funfun báláú, ẹnu rẹ̀ pupa, kò sì sí oore kankan lọ́kàn rẹ̀. Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ fún wa ní 2 Kọ́ríńtì 11:14 pé ọ̀tá mọ bí a ti ń gbé àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ wọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa bèèrè pé: ọmọ Ọlọ́run wo ló ń ka ìwé àjẹ́? Arábìnrin kan bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi ní ilé ìkàwé, ìbéèrè rẹ̀ sì bójú mu, nítorí Diutarónómì 18:10–12 kò fi ọ̀rọ̀ oṣó àti àjẹ́ ṣeré. Ohun tí mo sọ fún un ni pé ìwé yìí kò kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ti ń po oògùn. Ẹni tó mu ún, àti ohun tó dà lẹ́yìn tó mu ún, ni ó ń fi hàn wá. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Ní ọdún 1938, ilé ìtẹ̀wé CMS ló tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde. Iwin àti oògùn kún inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ onígbàgbọ́ tó jẹ́ tíṣà ni D. O. Fágúnwà tó kọ ọ́, ẹ̀kọ́ ìwà ló sì fi kọ́ wa. Bíbélì pàápàá kò fi ìkòkò tí ikú wà nínú rẹ̀ pa mọ́ fún wa. Ẹ ka 2 Àwọn Ọba 4:38–41.

2. Ìgò kìn-ín-ní

Edmund nìkan wọ Narnia lọ́jọ́ kan. Ó ń wá Lucy, kò rí i, òtútù ń mú un, inú sì ń bí i. Bí ó ti dúró, ó rí ọkọ̀ orí òjò dídì kan tó ń bọ̀, àgbọ̀nrín funfun méjì ló ń fà á, aràrá kan ló ń darí wọn, Àjẹ́ náà sì jókòó sẹ́yìn nínú aṣọ onírun funfun. Ó kọ́kọ́ na ọ̀pá rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ọmọ náà níbi. Lẹ́yìn náà ló yí ohùn padà. Ó pe Edmund pé kó wá jókòó sẹ́bàá òun, ó fi aṣọ rẹ̀ bò ó, ó sì bi í bóyá yóò mu nǹkan gbígbóná.

Ó wá mú ìgò kékeré kan jáde tó dà bí èyí tí wọ́n fi idẹ pupa ṣe. Ó kán ẹ̀kán kan péré nínú rẹ̀ sórí òjò dídì. Lójú kan náà, ife olówó iyebíye kan dúró síbẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ ń rú èéfín. Edmund mu ún. Kò mu irú rẹ̀ rí: ó dùn, ó ń hó, ó sì mú ara rẹ̀ yá gágá títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àjẹ́ náà bèèrè ohun tó fẹ́ jẹ. Edmund ní Turkish Delight ni, ìyẹn súìtì rírọ̀ kan tí wọ́n ń fi ṣúgà àti sítáàṣì sè. Ẹ̀kán kejì kán, àpótí súìtì kan sì yọ, tí ó kún dẹ́nu.

Kí ẹ tó dá ọmọ yìí lẹ́bi, ẹ rántí ọdún tí ìwé náà jáde. Láti ọdún 1942 ni ìjọba Britain ti ń fi ìwọ̀n pín súìtì fún àwọn ará ìlú nítorí ogun, ó sì di oṣù Kejì ọdún 1953 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ pátápátá. Ọmọ tó ka ìtàn yìí ní ọdún 1950 mọ ohun tí àpótí súìtì tó kún dẹ́nu túmọ̀ sí. Bí Ísọ̀ náà ṣe rí nìyẹn nínú Jẹ́nẹ́sísì 25. Ó ti oko dé, ó ti rẹ̀ ẹ́, òórùn ọbẹ̀ ń ta sí i nímú. Èṣù kì í dán ẹni tó yó wò pẹ̀lú àwo ọbẹ̀.

Nǹkan márùn-ún ni mo fẹ́ kí a fọkàn sí nípa ife yìí.

Èkíní, ife náà ṣiṣẹ́. Òtútù ń mú Edmund lóòótọ́, ife náà sì lé òtútù náà lọ lóòótọ́. Lewis kò sọ pé ayédèrú ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé èyí, nítorí orí rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yìí dúró lé.

Èkejì, bí Edmund ti ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni Àjẹ́ náà ń bi í ní ìbéèrè. Mélòó ni yín nílé? Ta ló ti wá síbí rí? Ta ló bá pàdé? Ẹnu Edmund kún, kò sì rántí bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí ayaba fi fẹ́ mọ gbogbo èyí. Bí ó ti ń gbé súìtì mì ni ó ń tú àṣírí Lucy àti ti ọ̀rẹ́ tí Lucy ní ní Narnia jáde.

Ẹ̀kẹta, bí ó ti ń jẹ ẹ́ tó ni ebi rẹ̀ ń pọ̀ tó. Èèdì ló wà nínú súìtì náà. Ẹni tó bá tọ́ ọ wò yóò máa fẹ́ sí i ṣáá, bí wọ́n bá sì gbà fún un, yóò jẹ ẹ́ títí yóò fi kú. Àwa tí a bí sí ilẹ̀ Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èèdì fún wa. Ẹni tí wọ́n bá dì ní èèdì, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi ṣe ara rẹ̀, yóò sì rò pé ìfẹ́ inú òun ni òun ń ṣe.

Ẹ̀kẹrin, ó ba oúnjẹ gidi jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó ní ilé Ọ̀gbẹ́ni Beaver àti ìyàwó rẹ̀, àwọn ẹranko odò tó ń fi igi dí omi. Wọ́n fún wọn ní ẹja tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú odò, tí wọ́n dín, pẹ̀lú ànàmọ́ àti bọ́tà, àti tíì gbígbóná. Àwọn mẹ́ta jẹ, wọ́n gbádùn ẹnu wọn. Edmund jẹ, kò dùn mọ́ ọn, súìtì Àjẹ́ ló ń rò.

Ẹ̀karùn-ún, ife náà ní kó lọ mú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ wá. Àjẹ́ náà kọ̀, kò fún un ní súìtì mọ́. Ó ní bí ó bá kó àwọn mẹ́ta yòókù wá sí ilé òun, nígbà náà ni yóò jẹ ẹ́ ní àjẹyó, òun yóò sì fi í ṣe ọmọ ọba. Nígbà tí Edmund wá dé ilé náà láìmú wọn wá, búrẹ́dì gbígbẹ àti omi ni wọ́n gbé fún un. Wọ́n ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Ife yìí yí i padà: ìkorò ló gbẹ̀yìn adùn rẹ̀. Obìnrin òmùgọ̀ inú Òwe 9 kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun náà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe àwọn tó ń kọjá, omi rẹ̀ sì ń dùn, ṣùgbọ́n àwọn àlejò rẹ̀ kò mọ̀ pé àwọn òkú ló wà nínú yàrá.

3. Àsè kékeré nínú igbó

Láìpẹ́, agbára Àjẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, nítorí Aslan, kìnnìún tí í ṣe ọba tòótọ́ lórí Narnia, ti ń bọ̀. Bàbá Kérésìmesì, tí kò ti lè wọ ilẹ̀ náà láti ọjọ́ yìí wá, ráyè wọlé. Ó bá àwọn ọmọ mẹ́ta tó kù àti àwọn Beaver lójú ọ̀nà, ó sì fún olúkúlùkù ní ẹ̀bùn. Ó fún Peter ní idà àti apata, ó fún Susan ní ọrun, ọfà àti fèrè, ó sì fún ìyàwó Beaver ní maṣíìnì ìránṣọ tuntun. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó gbé tíréè kan kalẹ̀ fún wọn: ife tíì márùn-ún, ṣúgà, wàrà àti tíì tó gbóná janjan. Tíì lásán ni. Wọ́n mu ún, ara wọn gbóná, wọ́n sì tún gbọ́nà.

Níbòmíràn nínú igbó náà, Bàbá Kérésìmesì ti ṣètò àsè fún agbo àwọn ẹranko kékeré kan. Ọ̀kẹ́rẹ́ àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àgbà kan náà wà níbẹ̀. Àjẹ́ náà bá wọn nídìí tábìlì, inú bí i gidigidi. Ó ní ìwà ọ̀kánjúwà àti ìnàákúnàá ni. Nígbà tí wọ́n sọ orúkọ ẹni tó fún wọn lóúnjẹ, ó sọ gbogbo wọn di òkúta níbi tí wọ́n jókòó sí.

Ẹ̀yin ará, ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Obìnrin tó kó odidi àpótí súìtì fún ọmọ kan ṣoṣo ló ń pe àsè àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ní ọ̀kánjúwà. Kì í ṣe adùn ló kórìíra. Ohun tó kórìíra ni oúnjẹ tí a jọ jẹ, tí a sì fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Edmund nìkan ló jẹ súìtì náà, nínú ọkọ̀, lábẹ́ aṣọ, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí ó ti rí àwọn ẹranko yìí bí wọ́n ti di òkúta ni àánú ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ ṣe é nínú ìtàn náà. Bí òjò dídì ti ń yọ́ ní Narnia ni ọkàn òun náà ń yọ́.

4. Ìgò kejì

Ẹ̀bùn Lucy ni mo fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Bàbá Kérésìmesì fún un ní ọ̀bẹ kékeré kan àti ìgò kékeré kan. Oje òdòdó iná tó ń hù lórí àwọn òkè inú oòrùn ló wà nínú ìgò náà. Ẹ̀kán díẹ̀ péré tó láti wo Lucy fúnra rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bá fara pa sàn.

Ìgò kékeré ni ti Àjẹ́, ìgò kékeré ni ti Lucy. Ẹ̀kán ló ń jáde nínú èkíní, ẹ̀kán ló ń jáde nínú èkejì. Méjèèjì dé ní ìgbà òtútù, agbára tó ju ti ènìyàn lọ sì wà nínú méjèèjì. Bí a bá tò wọ́n sórí tábìlì, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìlò wọn ni a ó fi mọ̀ wọ́n. Èèdì ni ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ̀ ni ti èkejì. Ẹni tó fún Lucy ní ìgò kò bi í ní ìbéèrè kankan nípa ẹbí rẹ̀, kò ní kó mú ẹnikẹ́ni wá, kò sì dá nǹkan kan dúró lọ́wọ́ títí di ìgbà mìíràn. Ó fún un tán pátápátá, ó sì ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni kó fi ṣe lóore. Ẹ fi Mátíù 10:8 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìgbà tí ogun parí ni ìgò náà ṣiṣẹ́. Edmund ti padà sọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀ nígbà yẹn. Òun ló fi idà ṣẹ́ ọ̀pá Àjẹ́ náà sí méjì, àwọn tirẹ̀ sì fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà borí, ṣùgbọ́n ó fara gbọgbẹ́, ó wà láàárín ikú àti ìyè. Lucy sáré wá, ó kán ẹ̀kán díẹ̀ sí i lẹ́nu. Ẹnu tó gba ẹ̀kán èèdì níjọ́sí ló gba ẹ̀kán ẹ̀rọ̀ yìí.

Lucy wá fẹ́ dúró ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó lè rí i bóyá yóò là á já. Aslan kò gbà fún un. Ó rán an létí pé àwọn mìíràn nílẹ̀ náà ń kú lọ, ó sì bi í bóyá ó yẹ kí àwọn mìíràn tún kú nítorí Edmund. Lucy dìde, ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìgbà tó padà dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dìde dúró, ara rẹ̀ sì yá ju bí ó ti rí i rí láti ọjọ́ pípẹ́ lọ.

5. Ibi tí agbára ẹ̀rọ̀ mọ

Kò yẹ kí a fò kọjá lórí èyí: ìgò Lucy kọ́ ló gba Edmund là. Ẹ̀ṣẹ̀ Edmund ti ní olùsanwó kí ó tó fara gbọgbẹ́. Òfin Narnia ni pé ẹni tó bá da ará rẹ̀, Àjẹ́ ló ni ín. Aslan fi ara rẹ̀ rọ́pò rẹ̀, wọ́n pa á lórí Tábìlì Òkúta, ó sì jíǹde bí oòrùn ti ń yọ. Ẹ̀kán oje òdòdó kankan kò lè ṣe ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí Àjẹ́ sọ di òkúta: èémí Aslan ló jí wọn, kì í ṣe ìgò Lucy. Nínú ìwé Narnia tó jáde ní ọdún 1951, Lucy fi ìgò náà wo eku akọni kan sàn, gbogbo ọgbẹ́ rẹ̀ sì jiná, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ tó gé kò padà. Ó di ọwọ́ Aslan kí ó tó ní ìrù.

Lewis fi oògùn rere sí ààyè rẹ̀. Bíbélì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Aísáyà ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo Hesekáyà, ó sì sàn, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló fi ọdún kún ọjọ́ rẹ̀. Pọ́ọ̀lù ní kí Tímótì lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀, kò sọ pé wáìnì ni yóò gbà á là. Ẹni tó bá ń sọ pé gbogbo ewé ni ti èṣù kò ka Bíbélì rẹ̀ dáadáa. Àgbo ibà tí ìyá àgbà sè nínú ìkòkò kò di èèdì nítorí pé ewé ni, ìgò kan kò sì di mímọ́ nítorí pé òróró ló wà nínú rẹ̀.

6. Níhìn-ín láàárín wa

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ní ìgbà òtútù tiwa. Àkókò ìdánwò ni. Ọ̀pọ̀ wa mọ ìsọ̀yè láti ilé, àwọn kan sì ń rí i gbà láti ọ̀dọ̀ ẹbí wọn bí ìdánwò bá ti kù díẹ̀, pẹ̀lú ọfọ̀ tí wọn yóò pè sí i lóru. Onígbàgbọ́ yóò sọ pé òun kò lè ṣe ìyẹn láé. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ní ìdánwò tó kọjá wọlé tọ̀ wá láti ẹnu ọ̀nà mìíràn.

Ẹnì kan ń gbé ìgò òróró kéékèèké kiri àwọn yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ó ní wọ́n ti gbàdúrà sí i fún àṣeyọrí. ₦2,000 ni ìgò kan, ìdánwò kan ṣoṣo ni ìgò kan sì wà fún. Ẹni tó bá mú ẹni mẹ́ta wá yóò gba òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbọ́n tí èmi àti rẹ̀ jọ ń gbé yàrá ra ọ̀kan. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ọdún àṣekágbá ló wà, káríófà méjì wà lọ́rùn rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti ń yá owó láti san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òtútù ń mú un gan-an ni.

Kí ó tó ra ìgò náà, àwa mẹ́rin la jọ ń kàwé lálẹ́. Lẹ́yìn tó rà á, kò wá mọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ń retí yín lánàá." Ó ní, "Àbúrò, ẹ máa kà á lọ. Mo ti rí ohun tó dájú." Ó ra ìgò kejì fún ìdánwò kejì. Kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni mẹ́ta tí yóò mú wá. Ọmọ ìpele 100 kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ wa ni ó kọ́kọ́ mú lọ.

Mi ò ní sọ èsì ìdánwò rẹ̀ fún yín. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi pa mọ́. Kì í ṣe èsì la fi ń dán irú ife bẹ́ẹ̀ wò ni. Bí ó bá yege, a ó ní ẹ̀rí ni. Bí ó bá kùnà, a ó ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà nìyí, ìdí sì nìyẹn tí mo fi bẹ̀ yín pé kí ẹ má gbàgbé kókó àkọ́kọ́: ife Àjẹ́ ṣiṣẹ́. "Ó ṣiṣẹ́ fún mi" kò tó ẹ̀rí. Ohun tí mo rí lójú ara mi tó mi: ó dáwọ́ kíkàwé dúró, ó fi àwa tí a jọ ń kàwé sílẹ̀, ó ń fẹ́ ìgò mìíràn, ó sì ń fa àbúrò lọ síbẹ̀. Símónì inú Ìṣe 8 gba ìrìbọmi, bẹ́ẹ̀ owó ló fẹ́ fi ra agbára Ẹ̀mí Mímọ́. Pétérù kò bi í bóyá agbára náà yóò ṣiṣẹ́ fún un. Ọkàn rẹ̀ ni Pétérù wò.

Mi ò bá òróró jà. Jákọ́bù 5:14 sọ ọ́, mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe rí níbẹ̀: aláìsàn ni wọ́n ń ta á sí lára, àwọn àgbà ìjọ ló ń wá bá a, ẹnikẹ́ni kò san owó, ẹsẹ 16 sì ń sọ nípa kí a jẹ́wọ́ fún ara wa, kí a sì gbàdúrà fún ara wa. Òróró ti Jákọ́bù ń kó ará jọ. Èyí tí wọ́n ń gbé kiri họ́sítẹ́ẹ̀lì ń tú ará ká.

Kí ni kí a ṣe, nígbà náà? Mo rò pé ọ̀nà Bàbá Kérésìmesì dára: ó gbé tíì wá. Ẹni tí òtútù ń mú kò nílò kí a jókòó sínú búláńkẹ́ẹ̀tì tiwa, kí a máa wàásù fún un nípa ife burúkú. Kí a gbé ife gidi tọ̀ ọ́ lọ. Ní alẹ́ tó ṣáájú ìdánwò rẹ̀ tó kẹ́yìn, àwa mẹ́ta kó ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, a gbé tíì àti búrẹ́dì, a sì lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. A kò sọ̀rọ̀ ìgò. A kàwé títí di aago méjì òru. Ìgò náà ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀ bí mo ti ń kọ èyí, ṣùgbọ́n láti alẹ́ yẹn, àwa mẹ́rin la tún jọ ń gbàdúrà lówùúrọ̀.

Ọdún Kérésìmesì ń bọ̀. Àwọn kan nínú wa kò ní lè lọ sílé nítorí owó ọkọ̀ tàbí nítorí ọ̀nà tí kò dára. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn dá jẹun lọ́jọ́ náà. Ìgbádùn tí à ń nìkan jẹ níkọ̀kọ̀ kò ba Àjẹ́ náà nínú jẹ́. Tábìlì tí a jọ jókòó sí, tí a sì ń dúpẹ́ níbẹ̀, ni kò lè fara dà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ẹ ka Òwe 9. Obìnrin méjì ló ń pe àlejò. Kí ni ìpè wọn fi jọra? Kí ni ó fi yàtọ̀?
2. Irú òtútù wo ló ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wa tó ń mú kí wọ́n gba ife láìwádìí?
3. Ohun wo ni o ń lò tàbí tí o ń ṣe tó ti mú kí àdúrà, Bíbélì tàbí ìwé kíkà di aláìládùn lẹ́nu rẹ?
4. Lucy fẹ́ dúró wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí ló dé tí kò fi dára kó dúró? Ta ni "àwọn mìíràn" lọ́dọ̀ tìrẹ?
5. Báwo ni a ṣe lè ran ẹni tó ti ra ìgò lọ́wọ́ láìdójú tì í?

Àdúrà: Baba, ìwọ tí gbogbo ẹ̀bùn rere ti ọ̀dọ̀ rẹ wá, ràn wá lọ́wọ́ ní ìgbà òtútù wa. Fún wa ní ojú tí ó ń wo ọwọ́ tó gbé ife kí ẹnu tó gbà á. Èyí tí o bá fi sí wa lọ́wọ́, má jẹ́ kí a fi pa mọ́. Jẹ́ kí a gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fara gbọgbẹ́. Ní orúkọ Jésù. Àmín.